Nana Asma'u: Akéwì àti Òpìtàn Àwọn Obìnrin Sókótó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, yóò rántí pé nígbà tí òǹkọ̀wé náà ń wá orísun wa kiri ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, ó pe ẹlẹ́rìí kan láti Òkè Ọya. Ẹlẹ́rìí náà ni Muhammad Bello, ọba Sókótó. Bello ti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ilẹ̀ Yorùbá sínú ìwé tí ó fi èdè Lárúbáwá ṣe. Clapperton, arìnrìn-àjò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán, dé Sókótó ní ọdún 1824. Ó gbé ẹ̀dà díẹ̀ nínú ìwé náà dé ilẹ̀ rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Láti inú ìwé yẹn ni Johnson ti rí i. Báyìí ni orúkọ Bello ṣe di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn Yorùbá kò lè ṣàìmọ̀.

Ṣùgbọ́n Bello ní àbúrò obìnrin kan, ọbàkan rẹ̀, tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Obìnrin yìí kọ ewì ní èdè mẹ́ta. Ó dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ obìnrin sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé ìgbèríko. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ ìtàn fún àwọn ọ̀mọ̀wé, òun ń kọ ìtàn kan náà fún ìyá tí ó ń lọ ọkà, fún ọmọbìnrin tí ó ń pọn omi, àti fún ẹrúbìnrin tí kò gbọ́ Lárúbáwá. Nana Asma'u ni orúkọ rẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ wa sì dá lé lórí.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Èkíní ni pé òpìtàn gidi ni obìnrin yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewì ni ó fi pa ìtàn rẹ̀. Èkejì ni pé, nítorí òpìtàn ni a kà á sí, ó di dandan kí a bi í léèrè irú ìbéèrè tí à ń bi òpìtàn gbogbo: ta ni ó ń sọ̀rọ̀ fún, ta ni kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀? Bí a bá fi ojú méjèèjì yìí wò ó, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1793 ni a bí i ní Degel, abúlé kan ní ilẹ̀ Gobir, níbi tí baba rẹ̀, Usman dan Fodio, ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ìbejì ni. Ọkùnrin ni èkejì rẹ̀, Hassan ni a sì sọ ọ́. Gẹ́gẹ́ bí àwa Yorùbá ti ní orúkọ tí àwọn ìbejì ń mú wá láti ọ̀run, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Hausa ní orúkọ fún tiwọn: bí ọ̀kan bá jẹ́ Hassan, Husaina ni a óò pe èkejì tí ó bá jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n Usman yà kúrò nínú àṣà yìí. Ó sọ ọmọ náà ní Asma'u, orúkọ ọmọ Abubakar, obìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ lọ fún Ànábì Muhammadu àti fún baba ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n fara pamọ́ sínú ihò àpáta. Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ó dàbí ẹni pé baba yìí ti ń wo iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe láti ìgbà ìkókó.

Ilé ìwé ni ilé tí a bí i sí. Ìyá Usman àti ìyá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tí ó kọ́ Usman fúnra rẹ̀ ní ìwé nígbà èwe rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, ó bá àwọn ọkùnrin wí kíkankíkan, àwọn tí ń lo ìyàwó àti ọmọbìnrin wọn bí ohun èlò ilé tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú òkùnkùn àìmọ̀. Ohun tí ó wí náà ni ó sì ṣe nínú ilé rẹ̀. Khadija, ẹ̀gbọ́n Asma'u obìnrin, túmọ̀ Mukhtasar, ìwé òfin Khalil tí ó le púpọ̀, sí èdè Fulfulde. Inú irú agbo bẹ́ẹ̀ ni Asma'u ti dàgbà, níbi tí kò ti sí ẹni tí ó ka kàlámù ní ọwọ́ obìnrin sí èèwọ̀.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ogun dé. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Usman àti Yunfa, ọba Gobir. Ní oṣù kejì ọdún 1804, Usman àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí kúrò ní Degel lọ sí Gudu. Asma'u kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ènìyàn baba rẹ̀ ṣẹ́gun ní Tabkin Kwatto. Nígbà tí ó di oṣù kejìlá, ogun yí padà sí wọn ní Tsuntsua. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú níbẹ̀, tí àwọn tí ó mọ Àlùkùránì lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò kéré nínú wọn. Láti ibùdó dé ibùdó ni àwọn obìnrin àti ọmọdé ń kó ẹrù wọn kiri, títí Alkalawa, olú-ìlú Gobir, fi ṣubú ní ọdún 1808. Ní ọdún kejì, Bello tẹ Sókótó dó. Ojú ọmọdé tí ó rí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ojú àgbà tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Usman Gidado dan Laima ni ó fẹ́ Asma'u. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní ọdún 1817, tí Bello sì jọba, Gidado di Wàsírì rẹ̀. Gidado náà jẹ́ òǹkọ̀wé. Ó kọ ìwé nípa Usman àti nípa Bello. Òun náà ni Clapperton wọ̀ sí ilé rẹ̀ ní ọdún 1824. Ẹ jẹ́ kí a dúró wo èyí díẹ̀. Inú agbo ilé tí obìnrin yìí ti jẹ́ ìyàwó ni ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ Bello nípa Yorùbá jáde fún gbogbo ayé ti sùn, tí ó ti jí. Bí ìtàn tiwa àti tirẹ̀ ti súnmọ́ ara wọn tó nìyẹn, kí ó tó di pé a gbàgbé rẹ̀.

Iṣẹ́ Asma'u tí ó wà títí di òní lé ní 60. Fulfulde ni èdè ilé rẹ̀, Lárúbáwá ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé, Hausa sì ni èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìlú àti ìgbèríko ń sọ. Ó ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan láti ilẹ̀ Mauritania bá a ṣe ọ̀rẹ́ ìwé, Lárúbáwá ni ó fi kí i káàbọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ kí àwọn obìnrin tí kò kàwé mọ orúkọ gbogbo súrà inú Àlùkùránì, ó kó àwọn orúkọ náà jọ sínú ewì, ó sì ṣe é ní Fulfulde àti ní Hausa kí gbogbo ahọ́n lè gbé e.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣe pẹ̀lú ìtàn. Bello ti kọ ìtàn ogun náà sínú Infaq al-Maysur ní ọdún 1812. Abdullahi, àbúrò Usman, kọ tirẹ̀ sínú Tazyin al-Waraqat ní ọdún 1813. Ìwé ńlá ni méjèèjì, Lárúbáwá sì ni wọ́n. Mélòó nínú àwọn ará Sókótó ni ó lè kà wọ́n? Asma'u mú ìtàn kan náà, ó sọ ọ́ di orin. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni Wakar Gewaye, tí ó ń tọ ipasẹ̀ Usman láti ìgbà ìwàásù rẹ̀, dé ìjáde kúrò ní Degel, àti dé àwọn ojú ogun tí wọ́n jà. Ó tún kọ ewì nípa ogun Gawakuke, níbi tí Bello ti ṣẹ́gun Gobir àti àwọn Tuareg ní ọdún 1836.

Ẹni tí ó bá ka irú ewì bẹ́ẹ̀ ní kíákíá lè sọ pé orúkọ ìlú àti orúkọ ènìyàn lásán ni ó kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ewì tí a fẹ́ kí ènìyàn há sórí ní láti ní okùn tí ahọ́n yóò máa fà. Ìró kan náà tí ń padà wá ní òpin ẹsẹ ni okùn náà. Orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sì ni kókó tí a ta sí i. Bí ẹni tí ń kọrin bá dé Gudu, Tabkin Kwatto ni yóò tẹ̀ lé e, kò sì lè fo ọ̀kan láìjẹ́ pé orin náà ṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tí àwa ń fi ọjọ́ àti ọdún ṣe nínú ìwé, ẹsẹ orin ni ó fi ṣe é: ó fi ohun kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀, ó sì sọ èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó kẹ́yìn. Bí èyí kì í bá ṣe iṣẹ́ òpìtàn, èmi kò mọ ohun tí a óò pè é.

Ṣùgbọ́n orin kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ìgbèríko. Nítorí èyí ni Asma'u ṣe dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Yan Taru, àwọn tí ń péjọ. Àwọn àgbà obìnrin tí wọ́n ti kọjá ọjọ́ ìbímọ, àti àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì wọ ilé ọkọ, ni ó pọ̀ jù nínú wọn, nítorí àwọn wọ̀nyí lè rin ìrìn-àjò. Olórí wọn ní agbègbè kọ̀ọ̀kan ni jaji. Jaji ni yóò kó àwọn obìnrin abúlé rẹ̀ lọ sí Sókótó. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti gbọ́ ewì, wọn yóò há a sórí, wọn yóò sì padà sílé láti kọ́ àwọn tí kò lè jáde. Ẹ ò rí i pé ilé ẹ̀kọ́ gíga ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ògiri.

Àmì oyè jaji ni akẹtẹ̀ kan tí a fi koríko hun, tí àwọn Hausa ń pè ní malfa. Akẹtẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tuntun. Kí ogun tó dé, ó jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ Inna, obìnrin tí í ṣe olórí àwọn abọ̀rìṣà bòrí ní Gobir. Asma'u mú un, ó wé aṣọ pupa mọ́ ọn bí láwàní, ó sì gbé e lé orí olùkọ́ Ìsìláàmù. Obìnrin ìgbèríko tí ó bá rí akẹtẹ̀ náà mọ̀ pé ẹni tí ó yẹ kí a fetí sí ni ó ń bọ̀, nítorí ìyá rẹ̀ náà ti bọ̀wọ̀ fún irú rẹ̀ rí.

Mo fẹ́ kí a tún kíyè sí ewì arò rẹ̀. Ó dárò Bello nígbà tí ó kú ní ọdún 1837, ó sì dárò Gidado ọkọ rẹ̀. Èyí kò yà wá lẹ́nu, nítorí ẹni ńlá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ó dárò Halima pẹ̀lú. Ta ni Halima? Aládùúgbò rẹ̀ ni. Kò jọba, kò sì jagun. Ìwà rere rẹ̀ sí ará ilé àti ará ìta ni Asma'u rò pé ó yẹ kí a má gbàgbé. Nínú ìwé àwọn ọkùnrin ìgbà náà, ó ṣòro kí irú Halima tó rí àyè. Nítorí náà, nígbà tí mo bá pe Asma'u ní òpìtàn mẹ̀kúnnù, ìtumọ̀ méjì ni ó ní: ó pa ìtàn fún mẹ̀kúnnù, ó sì pa ìtàn mẹ̀kúnnù.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a yí ojú ọ̀rọ̀ padà. Àwọn àgbà wí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Asma'u jẹ́ ọmọ ẹni tí ó ṣẹ́gun, àbúrò ẹni tí ó ṣẹ́gun, àti aya Wàsírì. Nínú orin rẹ̀, Gobir ni ọ̀tá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alkalawa ṣubú, àti nínú ogun tí ó tẹ̀ lé e, a kó ọ̀pọ̀ obìnrin ní ìgbèkùn wá sí ilẹ̀ Sókótó. Àwọn wọ̀nyí wà lára àwọn tí Yan Taru ń kọ́, kí wọ́n lè di ọmọ ìlú tuntun náà. Ẹ rò ó wò: obìnrin kan lè jókòó láti kọ́ orin ogun tí ó pa ọkọ rẹ̀, kí ó há a sórí, kí ó sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀, tí ọmọ náà yóò sì máa yọ̀ pé a ṣẹ́gun. Ohùn tirẹ̀, arò tirẹ̀, kò sí nínú ewì náà. Àánú wà nínú ẹ̀kọ́ tí Asma'u fún un, nítorí ó fi í sí àárín ènìyàn dípò kí ó fi í sílẹ̀ bí ẹran. Agbára wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òpìtàn òtítọ́ kò gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kí ó ju èkejì nù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Gobir kò dúró sí Gobir. Àfọ̀njá pe Alimi sí Ìlọrin; lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, Abdulsalami ọmọ Alimi di ẹ́míà, Ìlọrin sì di ara ìjọba ńlá tí Usman dá sílẹ̀. Nígbà tí Clapperton ń lọ sí Sókótó lẹ́ẹ̀kejì ní ọdún 1826, Badagry àti Ọ̀yọ́ Ilé ni ó gbà kọjá, ó sì rí àwọn abúlé tí ogun ti sọ di eérú. Kí ọdún 1840 tó dé, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro. Nígbà tí Sókótó ń yọ̀ nítorí Gawakuke, àwọn ìyá wa ń gbé ọmọ pọ̀n lọ sí gúúsù, sí Àgọ́ Ọjà, sí Ìjàyè àti sí Ìbàdàn. Àwọn náà gbé ìtàn wọn lọ sínú oríkì orílẹ̀ wọn. Bí a bá gbé ewì Asma'u sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí a gbé oríkì àwọn tí ó sá kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a óò rí ọgọ́rùn-ún ọdún kan náà láti ojú méjì. Nígbà tí a bá tẹ́tí sí méjèèjì ni a tó lè sọ pé a ti ń gbọ́ ìtàn.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ àwa ń tẹ́tí sí oríkì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ìwé tí ajẹ́lẹ̀ kan kọ wá fún wa, a óò ní ẹ̀rí ni. Bí ó bá mú oríkì wá láti ẹnu ìyá rẹ̀ àgbà, a óò ní kí ó gbé e lọ sí ẹ̀ka lítíréṣọ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé pẹ̀lú oyè ọ̀mọ̀wé lórí mi. N kò sì fi í yangàn. Johnson kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹnu àwọn arọ́kin ni ìtàn Ọ̀yọ́ wà, ó sì lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ààfin ni arọ́kin ń ṣiṣẹ́ fún. Ìtàn agbo ilé, ìtàn ẹni tí ó fẹ́ ẹni, ìtàn ọmọ tí ogun kó lọ, ọwọ́ àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ-osú ni ó wà, àwọn tí ń ki ọkọ, tí ń ki ọmọ, tí ń ki òkú. Ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, àwọn obìnrin Mùsùlùmí sì ń kọ wákà, orin tí orúkọ rẹ̀ jọ wàƙà, ọ̀rọ̀ tí Hausa fi ń pe orin àti ewì. Asma'u ì bá mọ orúkọ náà bí ó bá gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1864 ni Nana Asma'u kú ní Sókótó; ìtòsí ibojì baba rẹ̀ ni a sin ín sí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Sókótó ní ọdún 1903, ìjọba tí baba rẹ̀ dá sílẹ̀ bọ́ sí abẹ́ àjèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò parun. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wà ní ọwọ́ ìdílé àwọn Wàsírì, níbi tí Wàsírì Junaidu, ọmọ ìran rẹ̀, tí òun náà jẹ́ akéwì àti òpìtàn, ti tọ́jú wọn. Òun ni ó ran Jean Boyd lọ́wọ́, ẹni tí ó kọ ìwé nípa ìgbésí ayé Asma'u ní ọdún 1989. Ní ọdún 1997, Boyd àti Beverly Mack kó àwọn ewì náà jáde fún gbogbo ayé. Ìdí kejì tí iṣẹ́ náà kò fi parun ni pé àwọn obìnrin kò dẹ́kun láti máa kọ ọ́ lórin. Yan Taru kò kú. Orúkọ rẹ̀ ti dé Amẹ́ríkà pàápàá, láàrin àwọn obìnrin Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú.

Àwọn ìyá tiwa kò ní àpótí ìwé bí ti Wàsírì. Ẹnu nìkan ni ilé tí ìtàn wọn ní, ẹnu náà sì ń dákẹ́ lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ baálé nìkan. Ẹ lọ bá ìyá tí ó ń ki ọmọ ní òwúrọ̀. Ẹ kọ ohun tí ó bá wí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wí i. Ẹ béèrè ẹni tí ó kọ́ ọ, àti ìgbà tí a máa ń kì í. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí ó ṣòro jù: ta ni orúkọ rẹ̀ kò sí nínú oríkì yìí, kí ni ó sì dé?

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá; àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ọ̀rọ̀ Nana Asma'u fi kún un pé ẹnu ìyá ni a sábà ti ń bá àrọ́bá náà.